Alásè Kòkòrò

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Alásè yìí kò se oúnjẹ fún èèyàn kankan rí láyé rẹ̀. Kòkòrò ló ń se oúnjẹ fún. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, nínú ilé alájà mẹ́ta kan tí fèrèsé rẹ̀ kan ò ṣeé ṣí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bakitéríà ni wọ́n ń sìn níbẹ̀ fún oògùn ṣíṣe, kòkòrò tó kéré débi pé ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè jókòó sẹ́nu abẹ́rẹ́ kí àyè sì tún kù.

Iṣẹ́ Alásè ò le, àmọ́ ó fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láràárọ̀, yóò wọn ìyẹ̀fun ìwúkàrà, yóò wọn iyọ̀, yóò wọn ìyẹ̀fun rúsúrúsú kan tó ń rùn bí ẹran gbígbẹ, yóò po gbogbo rẹ̀ mọ́ omi títí yóò fi mọ́ kedere, yóò rọ ọ́ sínú ìgò, yóò sì kó àwọn ìgò náà sínú ìkòkò irin kan tó ga tó èèyàn, tó ń fi ooru pa ohunkóhun tó bá ń mí. Bí wọ́n bá tutù tán, yóò tì wọ́n gba ojú fèrèsé kékeré kan lára ògiri sí yàrá inú. Ọwọ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ yóò gbà wọ́n lódìkejì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí. Òfin ilé náà ni pé ará òde kì í wọ yàrá inú, ará inú kì í sì í dá sí iṣẹ́ ará òde. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, Alásè ò rí ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe sí oúnjẹ náà lẹ́yìn tó bá gbà á.

Kò tilẹ̀ rò pé ohunkóhun ṣẹ́ kù tó yẹ kóun mọ̀. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, á gbé ìgò sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu.

"Tó bá mọ́ kedere báyìí, ebi ló ń pa wọ́n. Tó bá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, wọ́n ń jẹun. Tó bá wá funfun bíi mílíìkì, wọ́n ti yó nìyẹn, wọ́n ń bímọ lé ọmọ. Kí lẹ tún fẹ́ máa fi awò wò?"

Àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ó sábà máa ń tọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló rú u lójú rí: ìgò pupa kékeré kan tó máa ń rí nínú fíríìjì lódìkejì fèrèsé. Ó ti bi ọ̀kan nínú àwọn ará inú léèrè nígbà kan pé kí ni. Ẹni náà ní, "Májèlé wọn ni, oògùn apa-kòkòrò," ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Alásè ronú díẹ̀, ó gbà pé tábìlì ni wọ́n fi ń nù. Ta ló ń bu májèlé sínú oúnjẹ ohun ọ̀sìn rẹ̀?

Obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ni ọ̀gá àgbà láàbù náà. Máfọwọ́kàn ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí gbólóhùn tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá wọlé. Ó fẹ́ràn Alásè, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un bí àgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ, àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wá ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún un.

"Ẹ wò ó, Bàbá Alásè. Jíìnì ni ìwé tí ara fi ń mọ iṣẹ́ tó máa ṣe. Àwa máa ń kọ ìwé náà sára òrùka kan tí ojú ò lè rí. A ó kó kòkòrò sínú yìnyín pẹ̀lú òrùka náà títí òtútù á fi mú wọn dákẹ́. A ó wá gbé wọn sínú omi gbígbóná lójijì, a ó ka oókan dé márùndínláàádọ́ta, a ó sì dá wọn padà sínú yìnyín. Jìnnìjìnnì yẹn ló ń jẹ́ kí ara wọn ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní rí nǹkan ṣe. Díẹ̀ á gbé òrùka mì."

"Èyí tó bá gbé e mì ńkọ́?"

"Ó di òṣìṣẹ́ wa nìyẹn. Ohun tó wà lára òrùka ló máa ṣe, tòun tọmọ tọmọọmọ."

"Ọlọ́run ò! Kòkòrò lásánlàsàn."

Iná dé, Ọ̀gá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ku ìdajì ọ̀rọ̀ nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún jókòó láti parí rẹ̀.

Alásè ò fetí sí ọ̀rọ̀ yẹn bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fetí sí ọ̀gá. Nítorí ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń gbọ́ ọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kí ó tó rí i. Aláròyé ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó lọ sùn, á béèrè pé ta ló pàṣẹ oorun, ṣé ẹni náà ti sùn, tí kò bá sì tíì sùn, kí ló wá ń yọ òun lẹ́nu sí. Ẹ̀rín ló máa ń pa bàbá rẹ̀ tí kò fi ní lè bá a wí.

Àmọ́ wọ́n bí i pẹ̀lú àìsàn kan. Ohun kan wà nínú ẹran, nínú ẹyin, nínú ẹ̀wà, nínú mílíìkì, tí ara tèmi tìrẹ ń fọ́ túútúú láì gbàṣẹ lọ́wọ́ wa. Ara Aláròyé ò lè fọ́ ọ. Á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á gun orí lọ, á sì máa jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ò fi bò wọ́n lójú lọ́jọ́ tí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá ṣọ́ ẹnu rẹ̀, á gbọ́n bí ọmọ yòókù. Tẹ́ ò bá ṣọ́ ọ, ọpọlọ rẹ̀ á máa lọ, èyí tó bá sì ti lọ ò ní padà wá."

Ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Aránṣọ ni obìnrin náà, inú ilé ló ti ń ránṣọ, òṣùwọ̀n kékeré kan sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gorí òṣùwọ̀n. Ẹ̀wà mẹ́fà lọ́sàn-án. Kì í ṣe ṣíbí mẹ́fà o, hóró mẹ́fà. Orí ẹ̀wà ni Aláròyé ti kọ́ òǹkà.

"Màámi, ó ku ẹyọ kan."

"Mẹ́fà ti pé."

"Ẹ tún un kà. Ẹ ti fo ọ̀kan, mo rí yín."

Ìyá á tún un kà, á sì tún jẹ́ mẹ́fà náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti yí ojú sẹ́yìn ẹ̀rọ kí ọmọ má baà rí omijé rẹ̀.

Nígbà tí Aláròyé pé ọmọ ọdún márùn-ún, Ọ̀gá gbé òrùka tuntun kan jáde. Ìwé ara rẹ̀ ń kọ́ kòkòrò láti máa fọ́ ohun náà nínú ìfun ọmọ kí ó tó dé ẹ̀jẹ̀. Ọmọ méjìlá ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò, wọ́n sì fi ọmọ Alásè kún un. Ife kékeré kan láràárọ̀, kò ju ẹnu mẹ́ta lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni ẹ̀jẹ̀ náà fi dára. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé odindi ẹyin sẹ́nu Aláròyé, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó wojú ìyá rẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi nìkan ni mo ni gbogbo ẹ̀?" Ìyá rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n gorí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, ó fi aṣọ bò ó.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́, àwọn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé alájà mẹ́ta náà ò fojú kàn rí. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí ò pọ̀ tó láyé. Kí wọ́n dá a dúró. Ọ̀gá pe àwọn òbí jọ, ojú rẹ̀ pọ́n koko.

"Ẹ padà sórí òṣùwọ̀n lónìí. Ẹ má wulẹ̀ dúró dọ̀la. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa gbé wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré."

Òbí àwọn mọ́kànlá lọ sílé, wọ́n gbé òṣùwọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn sunkún, wọ́n yílẹ̀, wọ́n ní àwọn kórìíra ìyá àwọn. Ara wọn le títí dòní. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà wà, wọ́n sì fi han Alásè.

Àmọ́ Alásè ni wọ́n fún ní gbogbo ìgò kòkòrò tó kù pé kó fi ooru ìkòkò irin pa wọ́n. Ogójì ìgò ni, ìkọ̀ọ̀kan kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mọ́kàndínlógójì ló wọnú ìkòkò. Ó fi ẹyọ kan sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e jáde, ó kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ó dàárọ̀.

"Má gbé òṣùwọ̀n yẹn wálẹ̀," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe wọlé.

"Ọ̀gá ní lónìí ni ká bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá Aláròyé, ta ló ń se oúnjẹ kòkòrò yẹn? Ṣé Ọ̀gá ni?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Èmi náà ló máa sè é níbí."

"Ṣé Ọ̀gá mọ̀ sí i?"

"Kí ló fẹ́ mọ̀ tí mi ò mọ̀?"

Obìnrin náà wo ìgò tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ tó ń to àwọn òwú ìránṣọ sílẹ̀ tó ń bá wọn jà. Kí n má purọ́, ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́? Ó ti ka hóró ẹ̀wà fún ọdún márùn-ún.

Alásè kan àpótí pákó, ó fi gílóòbù sínú rẹ̀ kó lè máa móoru, ó so òṣùwọ̀n ìgbóná mọ́ ọn. Kòkòrò ò ní pọ̀ dáadáa bí ìgò bá dúró sójú kan, wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa mì í. Nítorí náà ìyàwó rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì kékeré ara ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ sì padà sí fífi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí àwọn ìyá àtijọ́. Alásè po oúnjẹ sínú ìkòkò ìdáná, ó sè é kó lè mọ́, ó jẹ́ kó tutù, ó da kòkòrò sí i láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Níbi iṣẹ́, ó máa ń rí i gba ojú fèrèsé kékeré yẹn pé ó ń tó ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣíwọ́ kí ìgò tó funfun. Nínú àpótí tirẹ̀, kó tó di pé ọ̀sẹ̀ kẹta pé, wákàtí mẹ́rin ti tó. Ó gbá ọwọ́ lé itan.

"Wá wò ó! Wá wo mílíìkì! Àwọn ará láàbù tó kàwé yẹn, wọn ò ní i tó báyìí."

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Ìkejì dára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì Aláròyé, ó gbé e sí imú, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Bàbá Aláròyé, òórùn yẹn ti padà."

"Òórùn wo?"

"Òórùn ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Bí inú àpótí tí èkúté gbé. Inú ìtọ̀ rẹ̀ ló ti ń wá."

"Àágùn ọmọdé ni."

"Mo mọ àágùn ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

"Kí wọ́n wá bi wá pé kí ló ń jẹ? Wọ́n á béèrè ibi tó ti rí oògùn mu. Wọ́n á lé mi níṣẹ́, wọ́n á tì mí mọ́lé, ọmọ á sì padà sórí hóró ẹ̀wà mẹ́fà. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Nǹkan kan ń ṣe oògùn yìí."

Ó gbé ìgò síwájú ojú rẹ̀. "Wò ó. Ṣé ó funfun àbí kò funfun?"

"Ó funfun."

"Ìgbà wo lo di ará láàbù? Ìránṣọ ni kó o máa rán."

Obìnrin náà ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ abẹ́ apá. Òun náà kúkú rí i pé ó funfun. Láti ọjọ́ yẹn, Alásè sọ ife kan di méjì.

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Ọwọ́ Aláròyé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá di ṣíbí mú. Ara rẹ̀ sú yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á dé ìdajì, á dúró, á máa wo ẹnu ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìyókù wà. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ìwé wá sílé pé òǹkà tó mọ̀ lọ́dún tó kọjá, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Alásè ka ìwé náà, ó ní olùkọ́ náà ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì tilẹ̀ wá dúpẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ti kọ́ ọmọ yín lẹ́kọ̀ọ́. Kì í já ẹnu gbà mọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó rẹ́rìn-ín.

Ṣé kò rí i ni? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí i. Àmọ́ láràárọ̀ tó bá ṣí àpótí, ìgò á funfun bíi mílíìkì, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti fi gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Kí ó tó gbà pé ìgò ń purọ́, ó yá a lára kó sọ pé ọmọ ló ń purọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, gìrì mú Aláròyé nínú kíláàsì. Orí tábìlì ló ti ṣubú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà jáde pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́, ó ní, "Kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?"

Ìyàwó wojú ọkọ. Ọkọ wo ilẹ̀.

Dókítà yẹn ló ránṣẹ́ pe Ọ̀gá, torí òun ló mọ àwọn ọmọ méjìlá náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀gá dé, ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré, ó ní kí Alásè lọ gbé ìgò tó ń lò nílé wá. Ó gbé e wá. Ẹ máa wo ọkùnrin yìí: bó ṣe ń nà án sí i, ó gbé e sókè díẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀ kí Ọ̀gá lè rí bó ṣe funfun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn yàrá inú fún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó máa tẹ ibẹ̀ nìyẹn. Àwo pẹlẹbẹ méjì wà lórí tábìlì, oúnjẹ kòkòrò tó dì bíi jẹ́lì wà nínú wọn.

"Ẹ wo àkọ́kọ́."

Kòkòrò bò ó látòkèdélẹ̀, ó nípọn, ó funfun.

"Ẹ wo èkejì."

Èkejì mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí ohun kan níbẹ̀.

"Láti inú ìgò yín kan náà ni mo ti bu sí méjèèjì. Oúnjẹ kan náà ló wà nínú wọn. Oògùn apa-kòkòrò ni mo fi kún èkejì."

Alásè ní, "Oògùn yẹn ló pa wọ́n nìyẹn."

"Kò yẹ kó lè pa wọ́n!" Ohùn Ọ̀gá lọ sókè, ọ̀wọ̀ tó ti ń fún un láti ọdún yìí wá sì bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Nǹkan méjì la kọ sára òrùka yẹn: iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí oògùn yìí ràn wọ́n. Ẹrù ni òrùka jẹ́ lórí kòkòrò. Ta ló fẹ́ràn ẹrù? Ibi tí kò bá ti sí ẹni tó ń lé wọn, wọ́n á sọ ọ́ nù. Nítorí ẹ̀ la ṣe máa ń kán oògùn yìí sí oúnjẹ wọn tó bá ti tutù, níbi fèrèsé yẹn. Ooru ìkòkò rẹ ò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tá a bá fi sí i ṣáájú. Èyí tó bá sọ òrùka nù nínú oúnjẹ tiwa, kíá ló máa kú. A ó wá fọ oògùn náà kúrò kí ọmọ tó mu ún. Nínú oúnjẹ tìẹ, èyí tó sọ ẹrù nù ló ń sanra."

"Wọ́n pọ̀, Ọ̀gá. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń pọ̀."

"Wọ́n á yára ni. Wọn ò ru nǹkan kan mọ́."

Alásè wo àwo tó mọ́ náà.

"Ẹ ò sọ fún mi," ó ní.

"O ò bi mí. Gbólóhùn kan péré ni. Ká ní o dá mi dúró ní kọ́rídọ̀, ká ní o fi ti ẹlòmíì bi mí, ǹ bá sọ ọ́ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́rìnlá."

"Omi ìdọ̀tí lo ń fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, o wá ń gbé ẹyin lé e."

Ó bo àwo méjèèjì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ìyẹn ló sì dun Alásè jù.

"Mi ò ní fi ẹjọ́ rẹ sùn. Ẹ̀wọ̀n kéré. Mi ò sì ní sọ fún ìyàwó rẹ. Ìwọ lo máa sọ ọ́, lónìí, ní gbangba, gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí. Ó ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, o ò gbà. Jẹ́ kó gbọ́ látẹnu rẹ pé òun ló tọ̀nà."

Alásè ní òun á sọ ọ́. Lóòótọ́ ló fẹ́ sọ ọ́. Ní gbogbo ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: *Mo jẹ̀bi. Oògùn náà ti kú láti ọjọ́ yìí. Ìwọ lo rí i, mi ò gbọ́ tìẹ.* Ó tò ó títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí.

Aláròyé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Gìrì ti lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Dókítà ní kò ní kú. Ó ní á tún rìn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó mọ aṣọ ara rẹ̀ wọ̀ bó bá yá. Ilé-ìwé tó ń lọ, kí wọ́n má wulẹ̀ retí ẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ pè é lórúkọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú. Ó wò ó bí ẹni tó ń wá ibi tó ti mọ èèyàn, ó sì padà sí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ tó ti ń ṣí tó sì ń dé látàárọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́ jáde sí kọ́rídọ̀. Kí Alásè tó la ẹnu, obìnrin náà ti kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

"Bàbá Aláròyé, ẹ dárí jì mí."

"Kí ló dé? Dìde."

"Mi ò ní dìde. Àárọ̀ méjì wà tí mi ò fún un. Nínú oṣù tó kọjá. Ó ń bì í, ó ń sunkún, ó ní ẹnu òun ń kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo dà á sínú síńkì, mo ṣan ife, mo sì sọ fún yín pé ó ti mu ún." Ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú. "Mo ti ń fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rù yín ń bà mí. Ṣé òun ló fà á? Ẹ má tàn mí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé àárọ̀ méjì yẹn ni?"

Nọ́ọ̀sì kan ń ti àga onítáyà bọ̀ láti òpin kọ́rídọ̀. Alásè wo orí ìyàwó rẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá náà, kò sí àárọ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ yẹn lóore tó àárọ̀ méjì yẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tò wá látọ̀nà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, kò sọ ọ̀kan nù. Ó ṣílẹ̀kùn ẹnu.

"Kòkòrò yẹn," ó ní, "tí ọmọ bá ti fo ọjọ́ méjì láì mu wọ́n, wọn kì í lágbára mọ́."

Obìnrin náà tẹ iwájú orí rẹ̀ mọ́ bàtà ọkọ rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Dìde, àwọn èèyàn ń wò wá," Alásè ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dì í lápá. "Mo ti dárí jì ẹ́."

"Ẹ ṣé," ìyàwó rẹ̀ ń sọ. "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni." Kò sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi dé ọ̀dọ̀ wọn tó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kúrò lójú ọ̀nà.